Àfòpiná Alágbárí, Olè Inú Ilé Oyin

Ní àkókò òjò, nígbà tí fìtílà tàbí iná mànàmáná bá ń tàn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, oríṣiríṣi kòkòrò òru a máa fò wá sí ibi ìmọ́lẹ̀. Láàrin wọn ni a ti ń rí àfòpiná kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí ó tóbi ju ìyókù lọ, tí apá rẹ̀ nínà fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ, tí ó sì ní àmì kan ní ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó dàbí agbárí òkú. Bí a bá fi ọwọ́ kàn án, a ké. Igbe náà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti èkúté kékeré. Nítorí àmì yìí àti nítorí igbe yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń bẹ̀rù rẹ̀. Àwọn kan a wí pé ìránṣẹ́ àjẹ́ ni. Àwọn mìíràn a wí pé ilé tí ó bá wọ̀, àìsàn ń bọ̀ níbẹ̀.

Ó yẹ kí àwọn òǹkàwé wa ní Ìlọrà, Fìdítì, Awẹ́, Akínmọ́rìn àti ní gbogbo ilẹ̀ Afijió mọ òtítọ́ nípa kòkòrò yìí, nítorí ìdí mẹ́ta. Èkíní, ọmọ rẹ̀ a máa jẹ ewé ohun ọ̀gbìn wa. Èkejì, òun tìkára rẹ̀ a máa jí oyin. Ẹ̀kẹta, èyí tí ó sì wúwo jù lọ, àìmọ̀ nípa rẹ̀ lè sọ aládùúgbò di ọ̀tá aládùúgbò. A ó máa pè é ní àfòpiná alágbárí nínú ìwé yìí.

ORÚKỌ RẸ̀ LÁÀRIN ÀWỌN ONÍMỌ̀

Ọ̀mọ̀wé Carl Linnaeus, ará ilẹ̀ Swídìn, ni ó kọ́kọ́ fi orúkọ fún un ní ọdún 1758. Ó pè é ní Atropos. Nínú ìtàn àtijọ́ àwọn ará Gíríìkì, arábìnrin mẹ́ta ni ó di òwú ẹ̀mí ènìyàn mú: ọ̀kan a máa ran án, èkejì a máa wọ̀n ọ́n, ẹ̀kẹta a sì máa gé e. Ẹni tí ń gé e ni Atropos. Lónìí, Acherontia atropos ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Acheron sì ni odò àwọn òkú nínú ìtàn àwọn Gíríìkì kan náà. Ẹ wò ó bí ẹ̀rù àmì ẹ̀yìn kòkòrò yìí ti wọ inú orúkọ tí àwọn ọ̀mọ̀wé fún un. Kì í ṣe àwa nìkan ni ó ń bà lẹ́rù.

Ìdílé tí ó ti wá tóbi. Irú àfòpiná tí ó wà nínú rẹ̀ ní gbogbo ayé ju 1,400 lọ. Àwọn òyìnbó ń pe ìdílé náà ní sphinx, nítorí pé nígbà tí ọmọ wọn bá sinmi lórí ẹ̀ka, a gbé orí àti àyà sókè, a sì tẹ ọrùn ba, gẹ́gẹ́ bí ère ńlá ilẹ̀ Íjíbítì tí ó ní orí ènìyàn àti ara kìnnìún.

BÍ A TI LÈ DÁ A MỌ̀

Àgbà àfòpiná alágbárí nípọn, ó sì wúwo. Bí ó bá na apá rẹ̀, láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì jẹ́ íńṣì 3½ sí 5. Apá rẹ̀ ti iwájú dúdú, pẹ̀lú àwọ̀ eérú àti àwọ̀ ilẹ̀ tí a fọ́n sí i, tóbẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá bà lé èèpo igi ní ọ̀sán, ojú yóò ré e kọjá. Apá ti ẹ̀yìn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí iyeyè tí ó pọ́n, ó sì ní ìlà dúdú méjì. Ikùn rẹ̀ náà ní àwọ̀ iyeyè, pẹ̀lú àmùrè dúdú, àti ìlà aláwọ̀ eérú kan tí ó gba àárín lọ. Àmì agbárí náà wà ní ẹ̀yìn àyà, kété lẹ́yìn orí. Irun kéékèèké ni ó ṣe é, gẹ́gẹ́ bí irun ti ń ṣe àmì tótòtó sí ara ajá. Kò sí eegun níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó yà á síbẹ̀.

BÍ Ó TI Ń DÀGBÀ

Abo a máa yé ẹyin rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ ewé, kì í kó wọn jọ sí ojú kan. Ohun tí ó fẹ́ jù ni àwọn ewéko ìdílé ikàn: ikàn fúnra rẹ̀, ẹ̀fọ́ igbá, tòmátì, tábà, ànàmọ́ òyìnbó, àti apikán tí ń hù ní ààtàn. A tún máa ń rí i lórí yànmọtí, àti lórí díẹ̀ nínú àwọn igi tí ó bá orúrù tan.

Kòkòrò tí ó ti inú ẹyin jáde kéré púpọ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ni yóò bọ́ awọ, nítorí pé ara rẹ̀ ń tóbi ju ẹ̀wù rẹ̀ lọ. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, bí oòrùn bá mú dáadáa, yóò ti gùn tó íńṣì 5, yóò sì nípọn bí àtàǹpàkò. Àwọ̀ mẹ́ta ni ó lè ní: òmíràn pọ́n bí iyeyè, òmíràn tutù bí ewé, òmíràn sì dàbí èèpo igi. Àwọn méjì ìṣáájú ní ìlà dídagun ní ìhà méjèèjì. Ní ìdí rẹ̀ ni ìwo kan wà, tí ó tẹ̀, tí ó sì rí ṣágiṣàgi. Nítorí ìwo náà ni a ṣe lè pè é ní kòkòrò oníwo. Ẹ má ṣe bẹ̀rù ìwo yìí: kò gún ni, kò sì ní oró. Bí a bá yọ ọ́ lẹ́nu, a máa pa eyín rẹ̀ pọ̀ kí ó dún, láti fi dẹ́rù bani. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ó bá yó, a sọ̀kalẹ̀ sí ilẹ̀, a sì wa ihò lọ sí ìsàlẹ̀, ní íńṣì 6 sí 15. Níbẹ̀ ni yóò ti ṣe yàrá kékeré kan, tí yóò bọ́ awọ rẹ̀ ìkẹyìn, tí yóò sì di ohun líle pupa rúsúrúsú tí kò jẹ, tí kò mu, tí kò sì rìn. Ẹni tí ń kọ ebè lè hú u jáde, kí ó sì rò pé èso igi kan ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, awọ náà a là, àfòpiná a sì jáde ní òru pẹ̀lú apá tí ó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. A gun ohun gíga kan lọ, a fi ara rọ̀ níbẹ̀ títí apá yóò fi nà tí yóò sì gbẹ, lẹ́yìn náà a fò lọ.

BÍ Ó TI Ń KÉ

Ọ̀pọ̀ kòkòrò ni ó ń fi apá tàbí ẹsẹ̀ ha ara wọn kí wọ́n tó lè dún, gẹ́gẹ́ bí ìrẹ̀ ti ń ṣe. Ti àfòpiná alágbárí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu ni ó fi ń ké. A fa afẹ́fẹ́ sínú ọ̀fun rẹ̀, afẹ́fẹ́ náà a sì mú awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó wà níbẹ̀ gbọ̀n. Lẹ́yìn èyí a tú afẹ́fẹ́ náà jáde, ó sì ń súfèé. Bí a ti ń fọn fèrè ni. Ìgbà tí ẹyẹ, eku tàbí ènìyàn bá mú un ni ó máa ń ké jù, kí ẹni tí ó mú un lè ta gìrì kí ó sì jù ú sílẹ̀. Igbe ẹni tí ọwọ́ tẹ̀ ni. Kì í ṣe ìkéde ikú ẹnikẹ́ni.

BÍ Ó TI Ń JÍ OYIN

Púpọ̀ nínú ìdílé yìí ní ahọ́n gígùn tí wọ́n ń ká bí okùn, tí wọ́n sì ń nà sínú òdòdó jíjìn láti fa omi dídùn inú rẹ̀. Ahọ́n ti àfòpiná alágbárí kúrú, ó ki, ó sì mú ní ẹnu. Kò bá òdòdó jíjìn mu, ṣùgbọ́n ó lè gún ìda. Nítorí náà, ní òru, a wọ ilé oyin lọ, a gún ojú afárá, a sì fa oyin mu.

Ẹni tí ó bá mọ oyin ilẹ̀ wa yóò bèèrè pé, báwo ni olè ṣe lè wọ ilé wọn kí ó sì jáde láàyè? Oyin kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ní ọdún 1991, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Moritz, Kirchner àti Crewe, fi ìdáhùn hàn. Wọ́n rí i pé òórùn tí ó wà ní ara àfòpiná yìí ní irú òróró mẹ́rin kan náà tí ó wà ní ara oyin. Inú òkùnkùn ni oyin ń gbé, òórùn sì ni wọ́n fi ń mọ ara wọn. Ẹni tí ó bá ń rùn bí ọmọ ilé, ọmọ ilé ni lójú wọn. Bí ìwọ̀nba díẹ̀ bá tilẹ̀ ta á, awọ rẹ̀ nípọn, oró oyin kò sì tètè ràn án. Síbẹ̀, kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ó ń bọ́. Àwọn tí ń sin oyin a máa rí òkú rẹ̀ nínú ilé oyin lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí àwọn oyin ti fi oje igi bò yíká kí ó má bàa rà níbẹ̀.

François Huber, ará Switzerland, ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́ ṣùgbọ́n tí ó mọ ìwà oyin ju ọ̀pọ̀ olójú lọ, kọ̀wé pé ní ọdún 1804 àfòpiná yìí pọ̀ tóbẹ́ẹ̀ tí ó ń sọ ilé oyin di òfìfo. Ó rí i pé àwọn oyin fúnra wọn mọ odi sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì fi ihò kéékèèké sílẹ̀ tí oyin lè gbà, tí olè náà kò lè gbà. Ẹ rántí odi yìí, a ó padà sí i.

ÌRÌN ÀJÒ RẸ̀

Kò sí ibi tí kò dé nílẹ̀ Áfíríkà, láti gúúsù dé àríwá. Ní ọdọọdún ni àwọn kan nínú wọn ń ti Áfíríkà rékọjá òkun lọ sí Yúróòpù. Ní ọdún 2022, àwọn olùwádìí ní Jámánì gbé ìròyìn jáde pé àwọn so ẹ̀rọ kékeré mọ́ ara àfòpiná alágbárí 14, àwọn sì fi ọkọ̀ òfúrufú tẹ̀ lé wọn ní òru lọ sí ìhà àwọn òkè Alps. Àwọn àfòpiná náà mú ọ̀nà tààrà, bí atẹ́gùn tilẹ̀ ń ti wọn sí ẹ̀gbẹ́. Òmíràn rìn ju 80 kìlómítà lọ ní òru kan. Kòkòrò tí ọmọdé ń fi ìgbálẹ̀ lé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ ọ̀nà ju bí a ti rò lọ.

ÀWỌN ÌBÁTAN RẸ̀

Kí a má bàa rò pé ibi nìkan ni ìdílé yìí ń ṣe, ẹ jẹ́ kí a sọ ti ìbẹ́pẹ. Akọ ìbẹ́pẹ àti abo rẹ̀ sábà máa ń wà lórí igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, òdòdó wọn a sì máa rùn dídùn ní alẹ́. Àwọn olùwádìí tí iṣẹ́ wọn jáde ní ọdún 2009 láti ilẹ̀ Kẹ́ńyà rí i pé àwọn àfòpiná ìdílé sphinx ni ó ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó láti ara akọ lọ sí ara abo, àti pé oko ìbẹ́pẹ tí ó sún mọ́ igbó ń rí wọn ju èyí tí ó jìnnà lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sun gbogbo igbó yí oko rẹ̀ ká lè máa bèèrè pé kí ló dé tí ìbẹ́pẹ òun kò so.

Ìbátan rẹ̀ mìíràn, tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ ewé kúkúǹdùnkún, wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Òmíràn sì wà tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé. Ní January ọdún 1862, a fi òdòdó kan láti erékùṣù Madagásíkà ránṣẹ́ sí Charles Darwin ní Ìlú Ọba. Kòtò omi dídùn rẹ̀ gùn tó nǹkan bí íńṣì 11. Darwin wí pé àfòpiná kan gbọ́dọ̀ wà tí ahọ́n rẹ̀ lè dé ìsàlẹ̀ kòtò náà, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ tí ì rí i. Ó ti kú kí àwọn ọ̀mọ̀wé Rothschild àti Jordan tó kọ̀wé nípa àfòpiná náà gan-an ní ọdún 1903. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Xanthopan morganii, ń gbé nínú igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa níhìn-ín.

OHUN TÍ ÀGBẸ̀ YÓÒ ṢE

Ìlú àgbẹ̀ ni Ìlọrà. Ọ̀kan nínú àwọn oko ńlá tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ àgbẹ̀, nínú ètò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1959, wà níbẹ̀. Àgbẹ̀ mọ̀ pé kòkòrò oníwo kan ṣoṣo lè jẹ gbogbo ewé orí igi ikàn kékeré kan tán. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń yé e, kì í sábà pọ̀ nínú oko bí eéṣú tàbí kòkòrò àgbàdo. Nítorí náà kò yẹ kí a fi àdá ńlá pa á nígbà tí ọwọ́ lásán tó.

Ìgbẹ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi í hàn. Ó dúdú, ó tóbi ju hóró iyèré lọ, ó sì ní ilà lára. Níbi tí a bá ti rí ìgbẹ́ tútù nílẹ̀, kí a gbójú sókè sí ẹ̀ka tí ó wà lókè rẹ̀ gan-an, a ó rí olúwa rẹ̀. Kí a já a, kí a sì jù ú fún adìẹ. Bí a bá rí ẹyin funfun wínníwínní tí eṣinṣin kan lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, kí a fi í sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ oko: ọmọ eṣinṣin náà yóò jẹ ẹ́ láti inú, wọn yóò sì jáde láti pa àwọn mìíràn. Ọ̀rẹ́ àgbẹ̀ ni eṣinṣin yẹn, àdán àti ẹyẹ sì ń ràn án lọ́wọ́.

Níbi tí wọ́n bá pọ̀ ju ọwọ́ lọ, omi hóró dóńgóyárò tí a gún, tí a rẹ mọ́jú, tí a sì sẹ́, dára láti wọ́n sí ewé ní àṣálẹ́. Oògùn apakòkòrò inú ilé kò yẹ ní orí ẹ̀fọ́ rárá. Ewé igbá tí a wọ́n oògùn sí lánàá, tí a já lónìí, tí a sì gbé lọ sí ọjà, a ti ta oró fún ìyá ọlọ́mọ. Bí a bá ra oògùn oko, kí a ka iye ọjọ́ tí a kọ sí ara ìgò kí a tó já ewé, kí a má sì wọ́n ọn nígbà tí òdòdó bá là, nítorí pé yóò pa oyin pẹ̀lú.

OHUN TÍ ẸNI TÍ Ń SIN OYIN YÓÒ ṢE

Kí ó kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn oyin Huber. Kí ihò ẹnu ọ̀nà má ga ju ìdá mẹ́ta íńṣì kan lọ. Oyin yóò gbà á wọlé gbẹrẹfu, ṣùgbọ́n àyà àfòpiná alágbárí kò ní gbà á. Bí àpótí bá là ní ẹ̀gbẹ́, kí a dí i. Agbo oyin tí ó lágbára kì í bẹ̀rù olè yìí púpọ̀. Èyí tí ó ti rẹ̀wẹ̀sì ni ó ń pa lára.

NÍPA Ẹ̀RÙ

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ni ó sì mú wa kọ ìwé yìí. Ọ̀mọ̀wé Réaumur ti ilẹ̀ Faransé, ẹni tí ó kú ní ọdún 1757, kọ̀wé nípa bí àfòpiná yìí ti ń dẹ́rù ba àwọn ará ìgbèríko Bretagne ní ìgbà tirẹ̀. Àwọn náà wo agbárí, wọ́n gbọ́ igbe, wọ́n sì so ikú mọ́ ọn. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀, ó sì rí bákan náà ní ilé wa.

Ẹ rò ó wò. Ìgbà wo ni àfòpiná ń pọ̀? Nígbà òjò, nígbà tí ewé bá pọ̀. Ìgbà wo ni yànmùyánmú ń pọ̀? Nígbà òjò kan náà. Yànmùyánmú ni ó ń gbé ibà wọ ara ọmọ. Bí àfòpiná bá wọ ilé ní ọjọ́ Ẹtì, tí ara ọmọ sì gbóná ní ọjọ́ Àìkú, òjò kan ṣoṣo ni ó mú àwọn méjèèjì wá. Ọ̀kan kọ́ ni ó rán èkejì. Ṣùgbọ́n bí a kò bá mọ èyí, a ó bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹni tí ó rán àfòpiná. Ìyá arúgbó kan tí ń gbé ní ẹ̀yìnkùlé, tí kò ní ọmọ, tí ojú rẹ̀ pọ́n nítorí èéfín ààrò, ni ọ̀rọ̀ yóò já lé lórí. A ó máa ṣọ́ ọ, a kò ní bá a jẹun mọ́, ọmọdé yóò sì máa fi orin bú u. Bí a ti ń ṣe èyí, ibà ń ṣe ọmọ lọ́wọ́, ọjọ́ sì ń lọ. Báyìí ni ìwà àìmọ̀ kan ṣe lè pa ènìyàn méjì lára: ọmọ tí a kò tètè tọ́jú, àti àgbà tí a ba orúkọ rẹ̀ jẹ́.

Àwọn baba wa wí pé, àfòpiná tí ó ní òun yóò pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Òwe yìí fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n ní kòkòrò tí ìmọ́lẹ̀ ń fà. Nítorí náà, bí ó bá wọ ilé:

1. Ẹ pa iná yàrá náà, kí ẹ sì ṣí fèrèsé. Yóò wá ọ̀nà ara rẹ̀ lọ.

2. Bí ó bá bà lé ògiri, ẹ fi igbá tàbí ife dé e, kí ẹ ti páálí sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì gbé e síta. Kì í ta ni, kì í sì í fa ẹ̀jẹ̀. Ìyẹ̀fun tí ó fi sílẹ̀ ní ọwọ́ kì í ṣe oró. Ọṣẹ àti omi tó fún un.

3. Ẹ pe àwọn ọmọ kí wọ́n wò ó dáadáa, kí wọ́n sì gbọ́ igbe rẹ̀, kí wọ́n má bàa dàgbà pẹ̀lú ẹ̀rù.

4. Bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nítorí ibà. Ẹ má dúró de ọjọ́ kejì.

5. Ẹ ta àpò ẹ̀fọn sórí ibùsùn, kí ẹ sì da omi inú agolo àti ìkòkò àfọ́kù nù, nítorí pé inú omi tí ó dúró ni ọ̀tá tòótọ́ ti ń hù.

Ẹni tí ó bá ka èyí, kí ó kà á fún ẹni tí kò mọ̀wé kà, pàápàá ní àkókò òjò, kí àfòpiná tó bẹ̀rẹ̀ sí wọlé.